Bí ẹ bá dé oríta Àjàṣẹ́-Ìpo: ọwọ́ ọ̀tún ni, àbí iwájú?

Lálẹ́ ọjọ́ kan lóṣù tó kọjá, àbúrò ìyàwó mi pè mí láti òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí n'Ílọrin. Èkó ló ti wá, Adó-Èkìtì ló ń lọ, ọkọ̀ ara rẹ̀ ló ń wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fóònù mi gbé ọ̀nà mẹ́ta síwájú mi. Èwo ni kí n gbà nínú wọn?" Mi ò bá a sọ̀rọ̀ kìlómítà rárá. Mo ní, "Aago mélòó lo máa kúrò n'Ílọrin lọ́la?" Ó ní òun fẹ́ rí ẹnì kan ní Táńkẹ́ lọ́sàn-án, pé tó bá fi máa di aago mẹ́ta òun á ti ṣíná ọkọ̀. Mo ní kó sún ìrìn náà di ọ̀túnla, kó jí kùtù.

Inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ó rò pé mò ń dẹ́rù ba òun lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń lọ tó ń bọ̀ ní gúúsù Kúwárà á mọ ohun tí mò ń sọ. Kí ẹ tó béèrè ọ̀nà tó kúrú jù, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé aago mélòó lẹ máa dé oríta Àjàṣẹ́-Ìpo. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra ti ń yà kúrò lára ara wọn. Méjì péré ni kò gba ibẹ̀, a ó kàn wọ́n tó bá yá.

Kí ẹ tó dé oríta

Láti Gárééjì Ọ̀fà n'Ílọrin títí dé Àjàṣẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ yàn. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń tọ̀. Gànmọ́ lẹ máa kọ́kọ́ kàn, níbi tí àwọn òpó iná gàgàrà ti tò lọ síbi ibùdó iná ńlá tó wà níbẹ̀. Ilé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ so Gànmọ́ mọ́ Ìlọrin tán, nítorí náà ọkọ̀ máa ń lọ́ra níbẹ̀ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó kọjá Àmọ́yọ̀, ẹ ó kan ARMTI, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ni ní ètò iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìdàgbàsókè ìgbèríko, lẹ́yìn náà Ìdọ̀fìàn, ibi tí NCAM wà, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ oko.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. ARMTI ń kọ àdírẹ́sì rẹ̀ pé òun wà ní kìlómítà 18, ọ̀nà Ìlọrin sí Àjàṣẹ́-Ìpo. NCAM tó wà níwájú díẹ̀ ń kọ tirẹ̀ pé kìlómítà 20, ọ̀nà Ìlọrin sí Lọ́kọ́ja. Ọ̀dà kan náà ni o! Àwòrán ilẹ̀ tún ń pè é ní A123, orúkọ tí ẹ ò ní gbọ́ lẹ́nu awakọ̀ kankan. Ọ̀nà Ọ̀fà ni ará Ọ̀fà ń pè é, ọ̀nà Òmù-Àrán ni ará Òmù-Àrán ń pè é. Bí èèyàn méjì bá júwe ọ̀nà fún yín tí orúkọ tí wọ́n pè ò bára mu, ẹ má tìtorí ẹ̀ yí ọkọ̀ padà.

Oríta gan-an

Àjàṣẹ́-Ìpo, ìlú Olúpo, kò tó 50 kìlómítà sí Ìlọrin. Bí ọkọ̀ bá ti ń dẹ̀rìn níbẹ̀ ni àwọn ọlọ́jà á ti ká a mọ́: ọlọ́sàn, ẹlẹ́pà, àwọn tó ru omi tútù. Ìyá ọlọ́sàn kan wà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ọkọ̀ tó dúró tán, ó ti fi bíléèdì gé orí ọsàn mẹ́rin, ó ti sọ wọ́n sínú ọ̀rá, ṣéńjì yín sì ti wà ní kíká sábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé ẹgbẹ̀rún kan náírà lẹ fẹ́ fún un. Ó kàn mọ̀ ni.

Bí ẹ bá ti Ìlọrin wá, ọwọ́ ọ̀tún yín ni Ọ̀fà. Iwájú ni Òró àti Òmù-Àrán. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ èmi fúnra mi ti ṣì í rí. Mò ń lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Pólì Ọ̀fà nígbà náà. Ní gárééjì, agbèrò ń pariwo "Ọ̀fà, ó ku ẹnì kan! Ọ̀fà, ó ku ẹnì kan!" (ẹ ẹ̀ rí i pé kì í ku ẹnì kan láé, bí mẹ́ta bá ṣì kù, ẹnì kan náà ni). Mo sáré, mo kó sínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn èyí tí ó ń ké fún, mo sùn lọ fọnfọn. Ìgbà tí mo la ojú, pátákó ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ti Òró ni mo rí. Mo kígbe pé, "Ó wà o!" Awakọ̀ wò mí nínú díńgí, ó ní, "Ìwọ lo wà. Ọ̀fà ò sí níbí." Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bọ́ sílẹ̀, mo sọdá, mo dúró de ọkọ̀ tó ń padà lọ sí Àjàṣẹ́ nínú oòrùn.

Ẹ̀ka méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ẹ̀ka Ọ̀fà kúrú. Bíi kìlómítà 15 náà ni láti oríta, ọsàn yín lè má tíì tán tí ẹ ó fi dé Ìjàgbó, Ìjàgbó àti Ọ̀fà sì ti ń fara kanra. Ọkọ̀ kì í wọ́n lójú ọ̀nà yẹn. Láti 1992 tí Pólì ìjọba àpapọ̀ ti wà n'Ọ́fà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, kí a má tíì sọ ti àwọn oníṣòwò. Bí ọkọ̀ yín bá dákú, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Wàhálà ibẹ̀ ni ọ̀kadà, bọ́mpù lọ́tùn-ún lósì, àti àwọn tó ń sọdá láìwo ẹ̀yìn. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bẹ́ẹ̀ la máa ń kì wọ́n. Ẹni tó bá ti jà fún àyè iwájú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí Pólì wọlé mọ̀ pé oríkì náà ò tíì di ìtàn.

Ẹ̀ka Òmù-Àrán gùn ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ó lé ní 30 kìlómítà. Ẹ ó kọjá Òró kíákíá, lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Oko ẹ̀gẹ́, oko àgbàdo, igi káṣú, lẹ́yìn náà igbó, lẹ́yìn náà oko. Ilẹ̀ Ìgbómìnà gan-an lẹ wà báyìí. Lójú mi, òun ló dùn ún wò jù nínú gbogbo ọ̀nà tí mo mẹ́nu bà níbí, pàápàá lóṣù kẹsàn-án tí ewéko tutù. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un dùn ún wò ló mú un ṣòro: èèyàn ò pọ̀ níbẹ̀. Bí táyà bá fọ́ láàárín Òró sí Òmù-Àrán, ohun tó bá wà nínú búùtù yín lẹ máa lò. Ọkọ̀ èrò náà kì í pọ̀ mọ́ bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, àfi lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Landmark tó wà ní Òmù-Àrán bá ń wọlé tàbí tí wọ́n ń lọ ìsinmi.

Ohun kan ṣoṣo ló lè mú mi yà kúrò lójú ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án gangan, Èsìẹ́ ni. Mùsíọ́ọ̀mù tó wà níbẹ̀ ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nítorí àwọn ère òkúta tí wọ́n bá nínú igbó. Ère náà ju ẹgbẹ̀rin lọ: ọkùnrin, obìnrin, ẹni tó jókòó sórí àpótí, ẹni tó di ohun ìjà mú. Òkúta ọṣẹ ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, títí dòní kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹni báyìí ló gbẹ́ wọn. Bí ẹ bá kó ọmọ dání, ẹ yà. Bí ẹ bá fẹ́ dé Èkìtì lọ́jọ́ náà, ẹ fi sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá ń bọ̀.

Ìlọrin sí Òṣogbo: Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́?

Ibí yìí ni àríyànjiyàn máa ń wà jù, torí gígùn ọ̀nà méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Bí ẹ bá gba Ọ̀fà: Àjàṣẹ́, Ọ̀fà, Ẹ̀rìn-Ilé, lẹ́yìn náà ẹ ti wọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òkukù, Ìníṣà, Ìkìrun, Òṣogbo.
Bí ẹ bá gba Ògbómọ̀ṣọ́: Gẹ̀rí-Àlímì, Ẹyẹńkọrin, Òtè, Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́yìn náà Ìlobùú, Òṣogbo.

Ojú ọ̀dà: ti Ọ̀fà jẹ́ ọ̀nà kan, àlọ àti àbọ̀ ń wo ojú ara wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ ọlọ́nà méjì láti Ìlọrin dé ibẹ̀, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ló padà di ẹyọ kan.
Ọkọ̀ ńlá: lójú ọ̀nà Ọ̀fà, ó mọ níwọ̀n. Lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo tírélà tó ń ti òkè Ọya bọ̀ wá sí Èkó ni yóò bá yín pín in.
Ìlú: ọ̀nà Ọ̀fà jẹ́ ìlú lórí ìlú. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ní àlàfo, ẹ ó lè sáré.

Ẹni tó bá ka èyí tán á rò pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló borí. Èmi ò gbà. Eré tó ṣeé sá yẹn gan-an ni mo ń bẹ̀rù. Lójú ọ̀nà ọlọ́nà méjì, àwọn kan máa ń gba wọ́ọ̀nwéè kọjú sí yín tìtorí pé wọn ò fẹ́ lọ yí ọkọ̀ níwájú, ẹ ò sì ní retí wọn. Lójú ọ̀nà Ọ̀fà, ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ níwájú, ẹ ó fara balẹ̀. Bọ́mpù tó wà ní ẹnu ìlú kọ̀ọ̀kan ń bí ni nínú, àmọ́ ó ń dá ẹsẹ̀ awakọ̀ dúró.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀nà Ọ̀fà ní adùn tirẹ̀. Rélùwéè tó ti Èkó wá gba Òṣogbo, Ìkìrun, Ìníṣà, Òkukù àti Ọ̀fà kọjá kó tó dé Ìlọrin, ẹ ó sì máa pàdé rẹ̀ níbí lọ́hùn-ún. Ìbọ̀lọ́, ẹ̀ka Yorùbá kan, ni púpọ̀ nínú àwọn tó wà lójú ọ̀nà náà, ààlà ìpínlẹ̀ ò gé ohùn wọn sí méjì. Bí kì í bá ṣe pátákó tí ìjọba ri mọ́lẹ̀, ẹ ò ní mọ ìgbà tí ẹ kúrò ní Kúwárà. Mo ti gbọ́ kí ìyá ẹlẹ́kọ ní Òkukù máa kí oníbàárà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí i n'Ọ́fà gẹ́lẹ́.

Àbùkù ọ̀nà Ọ̀fà tó ṣe pàtàkì ni èyí: Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé ti ní gbólóhùn asọ̀ lórí ilẹ̀ tipẹ́, nígbà tó bá sì gbóná, ìjọba a máa kéde kónílé-ó-gbélé. Kò ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fóònù ẹnì kan lọ́hùn-ún lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn yín. Bí wọ́n bá ti ní ojú ò dáa, Ògbómọ̀ṣọ́ yá. Bákan náà, bí ẹ bá kó ẹrù tó wúwo tàbí tí ẹ jẹ́ àjèjì tí òjò ń lé bọ̀, ẹ lọ gba Gẹ̀rí-Àlímì. Ẹ ó tún kọjá Ẹyẹńkọrin, ìlú tí orúkọ rẹ̀ dùn tó báyìí, tó sì jẹ́ pé fèrè tírélà lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹyẹ kankan.

Ìlọrin sí Èkìtì

Èyí ni ti àbúrò ìyàwó mi. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí fóònù rẹ̀ gbé jáde, ẹyọ kan ló jẹ́ ọ̀nà lóòótọ́: Àjàṣẹ́, Òmù-Àrán, Ọ̀tùn, Ìdó, Ìfàkì, Adó. Òun ló tààrà jù. Èkejì gba Òṣogbo àti Iléṣà yí po. Ó jìn dáadáa, àmọ́ ìlú ńlá ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ̀ kì í tán níbẹ̀, ilé epo kì í tán, òtẹ́ẹ̀lì sì wà fún ẹni tílẹ̀ bá ṣú mọ́. Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Àwọn ọ̀nà abúlé tí wọ́n so pọ̀ ni, tí fóònù rò pé ọ̀dà ni gbogbo wọn.

Àárín Òmù-Àrán sí Ọ̀tùn ni kókó ọ̀rọ̀. Abúlé àti ìlú kéékèèké ló wà níbẹ̀, igbó sì wà láàárín wọn. Lóṣù kejì ọdún 2024, àwọn agbébọn wọ ààfin Kóro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Èkìtì ti Kúwárà tí kò jìnnà sí apá ibẹ̀, wọ́n pa Onikóro, ọba ìlú náà. Láti ìgbà náà ni mo ti fi aago sí ìrìn mi: bí mi ò bá tíì kọjá Àjàṣẹ́ kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, mi ò lọ Èkìtì lọ́jọ́ náà láti ibẹ̀. Aago méjìlá lè dà bíi pé ó ti yá jù létí yín, ṣùgbọ́n ẹ ka àkókò tí táyà kan lè jẹ mọ́ ọn, ẹ ka ti àwọn sọ́jà tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ẹ ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Ẹ rọ epo kún táǹkì ní Òmù-Àrán. Ẹ má sọ pé ẹ ó rà á níwájú.

Ìlọrin sí Kàbà, Lọ́kọ́ja, Àbújá

Èyí ò ní gùn. Ọ̀nà Òmù-Àrán lọ sí Erúkú, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú, Kàbà ni ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn bàbá wa ń gbà, ó sì kúrú fún ẹni tó ń lọ ilẹ̀ Òkun, ti àwọn Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Lóṣù kọkànlá 2025, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Erúkú nígbà ìsìn, wọ́n pààyàn, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ lọ kí wọ́n tó rí wọn gbà padà. Ọ̀nà kejì gba Jẹ́bà sọdá Odò Ọya, ó gba Mọ́kwá àti Bídà. Ó jìn, tírélà pọ̀ níbẹ̀ bí eèrà, omíyalé tó bo Mọ́kwá lóṣù karùn-ún 2025 sì ba nǹkan jẹ́ lójú ọ̀nà náà gan-an. Bí ilé yín bá wà ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí Kàbà, kò sí ọ̀nà méjì, ẹ kúrò nílé ní ìdájí, ẹ wọ ọkọ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ ń ná ọ̀nà náà lójoojúmọ́. Bí Àbújá lẹ ń lọ, Jẹ́bà ni mo máa sọ fún yín, tàbí kí ẹ wọ bàálù ní pápákọ̀ Ìlọrin bí owó bá wà.

Ọkọ̀ wo?

Fún Ọ̀fà, Mícrà tàbí táàsì gárééjì ti tó. Ó yá, ó sì ń kún kíákíá. Ohun tó burú nínú rẹ̀ ni pé èèyàn méjì ló ń jókòó níwájú, ọ̀pá jíà á sì wà láàárín ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ san owó àyè méjì bí ara yín ò bá gbà á. Fún Òmù-Àrán àti Èkìtì, Sienna ló dára jù, torí ẹrù àti torí pé àwọn awakọ̀ wọn sábà máa ń jẹ́ ọmọ ọ̀nà yẹn, wọ́n mọ ihò kọ̀ọ̀kan lójú ọ̀dà bí ẹni mọ inú yàrá rẹ̀. Bí ẹ bá máa dá ọkọ̀ gbà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ Èsìẹ́ tàbí ibòmíì tí ẹ fẹ́ yà sí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá sanwó tán, gbogbo ibi tí ẹ bá ní kí ó yà ló máa jìnnà.

Àbúrò ìyàwó mi gbọ́ràn lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Lọ́túnla, aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, fóònù mi dún.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti dé Àjàṣẹ́."

"O káre. Ṣé o ti ra ọsàn?"

"Mo ti rà á. Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ kan wà níwájú mi báyìí, ó dà bíi pé ó mọ ọ̀nà, mo fẹ́ máa tẹ̀lé e."

"Kí ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Wọ́n kọ 'Ìjàkadì lorò wa.'"

"Má tẹ̀lé e. Iwájú ni kó o máa lọ."